Igbó Tí Ó Kù fún Ìnàkí, Iṣẹ́ Ará Ìlú Ni

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí ìlú Ẹgàn, bá àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ sọ)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni n ó sọ, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọdún 35 ṣe. Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín bí mo bá dárúkọ ohun tí mo yàn. Ìnàkí ni. Ẹlòmíràn yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Tíṣà, ọ̀nà wa kò dára, àgbàrá ń wọ ilé, gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ kò tí ì parí, ìnàkí wo ni ó tún dé?” Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí mo bá parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìnàkí àti ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ kò jìnnà sí ara wọn.

ÌDÍ TÍ MO FI YAN Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹgàn ni Yorùbá ń pe igbó ńlá tí àdá kò tí ì kàn. Ìtàn bí ìlú wa ṣe jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó wà, èmi kò sì ní gbà á sọ mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá kọ orúkọ ìlú mi sórí ìwé, igbó ni ó ń wá sí mi lọ́kàn. Lónìí, bí ọmọdé bá dúró ní Ẹgàn, tí ó wo apá kan dé Ìgándò, tí ó wo apá kejì dé Ìkòtún, òrùlé páànù ni yóò rí. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ojú wa sì rí i pé a ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Èmi kò bú ẹnikẹ́ni. Ènìyàn kò lè gbé orí igi. Mo kàn fẹ́ kí a rántí ohun tí a fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí n kò tí ì sọ ní gbangba rí. Ní ọdún 1979, mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ ní ìhà Oǹdó. Nígbà tí a gba ìsinmi Kérésìmesì, mo wọ ọkọ̀ láti máa bọ̀ wá sílé. Ọkọ̀ wa dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní ìhà Ọ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń ta ẹran ìgbẹ́ yíyan. Mo ra ẹran tí a fi ewé dì, ẹni tí ó tà á fún mi sì sọ pé ó dùn ju ẹtu lọ. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá mi pẹ̀lú ayọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó ti ń gba owó oṣù.

Ìyá mi tú ewé náà, ó sì kígbe. Ọwọ́ ni ó wà nínú rẹ̀: ìka márùn-ún, àtàǹpàkò, èékánná, àtẹ́lẹwọ́ tí ó ní ilà gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ó kéré bí ọwọ́ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìyá ìbejì ni ìyá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹdun ni Yorùbá ń pe ìbejì nínú oríkì wọn, àti pé ọ̀pọ̀ ilé tí a ti bí ìbejì kì í jẹ ẹran ẹdun. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ọmọ ta ni o gbé wá fún mi yìí?” Ó wá aṣọ funfun, ó dì í, ó sì sin ín sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ẹran lásán ni, pé ìwé ti là wá lójú. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò jẹ nínú ẹran tí mo bá rà mọ́. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ìnàkí ni, àti pé ìyá mi tí kò kàwé ni ó mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Èmi tí mo kàwé ni n kò mọ̀ ọ́n.

IRÚ Ẹ̀DÁ TÍ ÌNÀKÍ JẸ́

Ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní ìrù, ìnàkí kò ní. Nínú gbogbo ẹ̀dá tí ó wà láyé, kò sí èyí tí ó súnmọ́ ènìyàn ju ìnàkí àti ìbátan rẹ̀ kan tí ó wà ní ilẹ̀ Kóńgò lọ. Jane Goodall, ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ gbé nínú igbó Gombe ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tàǹsáníà nísinsìnyí. Ó rí ìnàkí tí ó já koríko, tí ó tì í bọ inú òkìtì ikán, tí ó sì fà á yọ láti jẹ àwọn ikán tí ó dì mọ́ ọn. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ènìyàn nìkan ni ó ń ṣe irinṣẹ́. Obìnrin náà fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ ìròyìn ìnàkí fún aráyé, kí ó tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ní ẹni ọdún 91.

Ní alaalẹ́ ni ìnàkí ń fi ẹ̀ka àti ewé tẹ́ ibùsùn tuntun fún ara rẹ̀ lórí igi. Èso igi ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Ó ń gbé kóró èso kiri nínú ikùn rẹ̀, ó sì ń yà á sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni igi tuntun ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Àgbẹ̀ igbó ni, tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ ni ọ̀rọ̀ bíbí rẹ̀. Abo ìnàkí kì í sábà bí àkọ́bí rẹ̀ kí ó tó pé bí ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Oyún rẹ̀ ń tó bí oṣù 8. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, bí ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sì ń wà láàrin ọmọ kan àti èkejì, nítorí ó ń fún ọmọ lọ́mú fún bí ọdún 4 sí 5. Ẹ fi èyí wé òyà, tí ó lè bí ọmọ 4 lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì lè bí lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Ìgbẹ́ tí ọdẹ ti pa òyà 20 lè padà kún láìpẹ́. Ṣùgbọ́n igbó tí ọdẹ ti pa abo ìnàkí 2 péré, ìran kan ni ó ti dín níbẹ̀, ọmọ ọdẹ náà lè dàgbà kí àlàfo náà tó dí.

Ẹ sì gbọ́ èyí pẹ̀lú. Kò sí ìyá ìnàkí tí ó ń jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ láàyè láti tà á fún olówó tí ó fẹ́ fi ṣeré ní àgbàlá, ìyá ni yóò kọ́kọ́ pa, àti ẹnikẹ́ni nínú agbo wọn tí ó bá wá gba ìyá náà sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ìnàkí kan tí a dè mọ́ ìdí igi ní àgbàlá olówó, òkú púpọ̀ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TÁN LỌ

Oríṣi 4 ni àwọn ọ̀mọ̀wé pín ìnàkí sí. Èyí tí ó jẹ́ tiwa, tí ó ń gbé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ni ó kéré jù lọ ní iye. Wọ́n rò pé gbogbo wọn kò ju bí 9,000 lọ. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà ni Gashaka-Gumti, láàrin ìpínlẹ̀ Tàràbà àti Adamawa, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991. Ní ìhà tiwa, inú igbó bíi ti Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Olúwa àti Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti Òkómù ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni a ti ń gbọ́ ìró wọn. Ní ọdún 2009, olùwádìí kan tí ń jẹ́ Elizabeth Greengrass gbé ìròyìn jáde pé ìnàkí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti súnmọ́ àpaàparun. Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe ìlú òkèèrè ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Ẹgàn lè dé igbó Omo kí oòrùn tó wọ̀.

Kí ni ó ń pa wọ́n? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni gẹdú. Igi tí ìnàkí ń jẹ èso rẹ̀, tí ó ń sùn lórí rẹ̀, òun náà ni pákó òrùlé wa àti àga inú ilé wa. Èkejì ni oko. Ní ọdún 2024, owó kòkó lọ sókè ní ọjà àgbáyé tó bẹ́ẹ̀ tí tọ́ọ̀nù kan ju 10,000 dọ́là lọ. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ irú owó bẹ́ẹ̀, tí ó gbójú sókè wo igbó, oko kòkó ni yóò rí. Ẹ̀kẹta ni ìbọn, èyí tí ó pa ọmọ tí ìyá mi sin.

Ẹ má ṣe rò pé kò sí òfin. A ti ya igbó Omo sọ́tọ̀ láti ọdún 1925. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,305 kìlómítà níbùú lóròó. Ní ọdún 1946, a tún ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, tí ó tó héktà 460, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án rárá. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé. Síbẹ̀ a gé igi àbáláyé ní ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, a sì fi igi mẹlíínà rọ́pò wọn. Àwọn mìíràn wọ inú rẹ̀ láti dá oko. Òfin orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko tí ó ń tán lọ wà láti ọdún 1985, a sì tún un ṣe ní ọdún 2016. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ìwé kì í ṣọ́ igbó. Ènìyàn ni ó ń ṣọ́ igbó, ẹni tí ó sì lè ṣọ́ ọ dáadáa ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀.

ÀWỌN ÌLÚ TÍ Ó TI FI ỌWỌ́ ARA WỌN ṢE É

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìṣẹ̀-Èkìtì. Igbó ọba tí ó wà níbẹ̀ wà nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣẹ́kù sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Obìnrin kan, ọmọ Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rachel Ashegbofe Ikemeh, ni ó mú ọ̀rọ̀ wọn ní ọ̀kúnkúndùn. Òun àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ kò dúró ní Abúja kí wọ́n máa kọ̀wé. Wọ́n lọ bá àwọn ará àdúgbò, wọ́n lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ọmọ àdúgbò náà síṣẹ́ olùṣọ́ igbó. Ẹni tí ó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹranko láti kékeré, òun ni ó ń tọ ipa náà lónìí láti dáàbò bò ó. Ní ọdún 2020, wọ́n fún obìnrin yìí ní ẹ̀bùn Whitley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ náà. Ìyìn náà tọ́ sí i, ó sì tọ́ sí àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rin inú òjò pẹ̀lú, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn.

Láti ibẹ̀, ẹ bá mi ká lọ sí òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ìnàkí wà níbẹ̀, gọ̀rílà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìnàkí ní títóbi. Irú gọ̀rílà yìí kò sí níbòmíràn láyé bí kò ṣe ní ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Gbogbo wọn kò ju bí 300 lọ. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n ti tán ní Nàìjíríà, àfi ìgbà tí àwọn olùwádìí tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàrin ọdún 1980 sí 1990 pé wọ́n ṣì wà. Òkè Mbe kì í ṣe ilẹ̀ ìjọba. Ilẹ̀ àjogúnbá ìlú 9 tí ó yí i ká ni. Ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, àwọn ìlú 9 yìí kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú òkè náà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní aṣojú nínú rẹ̀, láti inú àwọn ìlú náà sì ni a ti ń yan àwọn olùṣọ́. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ ìlú ni, bíi tiwa yìí gan-an. Ní ọdún 2020, ẹ̀rọ ayàwòrán tí a fi pamọ́ sínú igbó ya àwọn gọ̀rílà náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ láàrin wọn. Gbogbo ayé rí àwòrán náà, wọ́n sì yọ̀. Níbi tí ọmọ bá wà, ìrètí wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gánà, abúlé méjì wà tí a ń pè ní Boabeng àti Fiema. Láti ayébáyé ni ó ti jẹ́ èèwọ̀ fún wọn láti pa àwọn ọ̀bọ inú igbó wọn, tí ẹdun wà nínú wọn. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n ń sin ín gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin ènìyàn. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ti là, pé èèwọ̀ kò jẹ́ nǹkan, tí wọ́n sì ń pa wọ́n, àwọn àgbà kò jókòó kí wọ́n máa sunkún. Ní ọdún 1975, wọ́n mú kí ìjọba ìbílẹ̀ sọ èèwọ̀ wọn di òfin. Lónìí àwọn ọ̀bọ náà pọ̀, àlejò ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò wọ́n, owó tí àwọn àlejò ń san sì ń dé ọwọ́ ará abúlé. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ìyá mi lẹ́yìn ilé ìdáná.

ÈÈWỌ̀ NÌKAN KÒ TÓ

Ṣùgbọ́n èmi kò ní tan yín pé bí a bá ti dá èèwọ̀ padà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ilẹ̀ Gíní, ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Bossou. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé àwọn baba ńlá wọn wà lára ìnàkí tí ń gbé òkè ìlú wọn, wọn kì í sì í pa wọ́n. Àwọn ọ̀mọ̀wé ará Japan ti ń wo àwọn ìnàkí náà láti ọdún 1976, wọ́n sì rí i bí wọ́n ti ń fi òkúta pa ẹkùrọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Síbẹ̀ igbó tí ó so òkè náà pọ̀ mọ́ àwọn igbó mìíràn ti di oko. Àwọn ìnàkí náà dà bí ẹni tí ó wà ní erékùṣù. Ní ọdún 2003, àrùn bí ọ̀fìnkìn wọlé sí wọn, ó sì pa 5 nínú wọn. Àwọn tí ó kù lónìí, ìka ọwọ́ ni a lè fi kà wọ́n. Kò sí ẹni tí ó yìnbọn sí wọn. Ilẹ̀ ni ó fún mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́ ni ọ̀rọ̀ ebi. Ọdẹ tí ó ń wọ igbó lóru, ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ìyàwó rẹ̀ ń retí owó ọbẹ̀. Bí àwa tí a wà ní Èkó, tí a ti gé igbó tiwa tán, tí a ń rà pákó ìrókò, tí a sì ń jẹ ẹran ìgbẹ́ níbi ìnáwó, bá nawọ́ sí i pé òun ni ọ̀tá, ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tí ó ń rà ni ó ń rán ẹni tí ó ń pa níṣẹ́. Ibi gbogbo tí iṣẹ́ yìí ti yọrí sí rere, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé a fi iṣẹ́ mìíràn sí ọwọ́ ọdẹ kí a tó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. A kò lè sọ fún ènìyàn pé kí ó fi ebi dáàbò bo igbó fún aráyé.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà kò kéré. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn pé kòkòrò àrùn tí ó di éèdì, tí ó ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, ara ìnàkí ìhà Kamẹrúùnù ni ó ti kọ́kọ́ bọ́ sí ara ènìyàn, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nípa ẹ̀jẹ̀ níbi tí a ti ń kun ẹran. Ohun tí ó bá súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀, àrùn rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

KÍ NI Ó KAN ỌMỌ ẸGÀN?

Nísinsìnyí, mo dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀yin ará mi, ilẹ̀ igi kékeré kan ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́, ní etí omi, ní ìsàlẹ̀ ìlú. Kò tó nǹkan. Àwọn igi rẹ̀ kò ju bí 40 lọ. Ní àpéjọ ọdún tí ó kọjá, a gbà láti pín in sí pulọ́ọ̀tì, kí a tà á, kí a sì fi owó rẹ̀ parí gbọ̀ngàn. Àwọn tí ó na ọwọ́ sókè pọ̀. Èmi náà wà nínú wọn. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́.

Mo wá níwájú yín lónìí láti ká ọwọ́ náà wálẹ̀.

Kò sí ìnàkí nínú igi 40, kò sì lè sí mọ́. Ẹyẹ ni ó wà níbẹ̀, àti ọ̀kẹ́rẹ́, àti àwọn ọmọdé tí ń ṣa èso. Ṣùgbọ́n ojú wo ni a ó fi sọ fún ará Ìṣẹ̀ tàbí ará Ìjẹ̀bú pé kí ó dá igbó rẹ̀ sí, bí àwa kò bá lè dá igi 40 sí ní ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń rán ni létí igbó? Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wa ni a mọ ibi tí àgbàrá ń gbà. Omi tí ń wọ ilé wa lónìí, ilẹ̀ yẹn ni ó ń gba díẹ̀ dúró nínú rẹ̀. Bí a bá da sìmẹ́ńtì bò ó, omi kò ní bẹ̀ wá kí ó tó wọlé.

Mo mọ̀ pé gbọ̀ngàn ṣe pàtàkì. Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n ti dá owó sí i, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó parí kí wọ́n tó lọ. Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ wọn kéré. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí a kò parí lọ́dún yìí, a lè parí rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ìrókò tí a bá gé lọ́dún yìí, kò sí ẹni tí ó jókòó síhìn-ín tí yóò rí arọ́pò rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN MI

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ Ẹgbẹ́ pé kí wọ́n gbé yẹ̀ wò kí ìpàdé yìí tó túká.

Èkíní, kí a fagi lé ìpinnu ọdún tí ó kọjá lórí ilẹ̀ etí omi, kí a sì fi àkọsílẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ìjòyè sọ ọ́ di ilẹ̀ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí ó tó héktà 75 ṣì wà láàrin ìlú ńlá, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi rẹ̀, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2005. Ará ìlú tí kò jẹ́ kí a tà á ni ó fún UNESCO ní ohun tí wọ́n kọ.

Èkejì, kí ó di òfin Ẹgbẹ́ pé a kò ní gbé ẹran ìnàkí tàbí ẹran ọ̀bọ kankan síwájú àlejò níbi ìnáwó Ẹgbẹ́ tàbí ti ọmọ Ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, mo mọ bí àárò ilé ti ń rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ránṣẹ́ sílé pé kí a fi ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ sínú ẹrù fún yín. Ẹ béèrè fún èlùbọ́. Ẹ béèrè fún ẹja gbígbẹ. Ẹran tí a ti yan tí ó sì ti dúdú, ẹ̀yin kò lè mọ ọwọ́ ẹni tí ó jẹ́. Èmi kò mọ̀ ọ́n ní ọdún 1979.

Ẹ̀kẹta, kí Ẹgbẹ́ máa mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ sí ọgbà tí ó wà ní Lẹ́kì, èyí tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ṣí ní ọdún 1990. Ilẹ̀ rẹ̀ tó héktà 78, ọ̀bọ wà níbẹ̀, kò sì jìnnà. Ọmọ tí kò rí igbó rí kò lè mọ ohun tí a ń gbà là.

Ẹ̀kẹrin, kí Ẹgbẹ́ ya ìwọ̀nba owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, bí ó ti wù kí ó kéré, láti fi ran àwọn olùṣọ́ igbó lọ́wọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn igbó ilẹ̀ Yorùbá tí ìnàkí ṣẹ́kù sí. Bàtà òjò kan, fìtílà kan, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ẹnìkan tí ó ti jọ̀wọ́ ìbọn rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìlú kan kò sì lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìlú 9 bá lè gba òkè Mbe dúró, ẹgbẹ́ ìlú tí ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, bí wọ́n bá pa ohùn pọ̀, ẹ ka iye wọn, ẹ ó rí ohun tí wọ́n lè ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí bí mo bá ti sọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó di ọdún púpọ̀ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wúwo jù lọ, ìyá mi ni ó kọ́ mi, n kò sì dá a mọ̀ ní ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mo gbé wá. N kò dá a lóhùn títí ó fi kú. Bí Ẹgbẹ́ bá dá ilẹ̀ etí omi yìí sí, tí a sì ka òfin ẹran ìgbẹ́ sínú ìwé wa, n ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná náà, n ó sì sọ fún un pé mo ti mú ìdáhùn wá.

Kí Ọlọ́run bùkún fún ìlú Ẹgàn, kí ó dá àwọn ará ìdálẹ̀ padà sílé láyọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa bi wá léèrè ohun tí a tà.